Àtẹ Ọjà Akẹ̀sán àti Àtẹ Àwọn Ohun-Ìpilẹ̀

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí a kì í fi àtẹ ńlá kan hàn, èyí tí ó kún fún àpótí kéékèèké, tí lẹ́tà kan tàbí méjì sì wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. A ó ní kí ó há ogún àkọ́kọ́ sórí. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò há wọn sórí, yóò máa kà wọ́n bí ọmọdé tí ń ka ABD, yóò sì kọ wọ́n sílẹ̀ nínú ìdánwò láìsí àṣìṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè pé kí ni ó wà nínú kánún tí ìyá rẹ̀ fi ń se ẹ̀wà, tàbí pé kí ni ìyàtọ̀ bàbà sí idẹ, kò ní rí èsì fọ̀. Àtẹ náà ti di orin lẹ́nu rẹ̀. Kò tíì di ìmọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ náà kò sì jìnnà. Púpọ̀ nínú àwọn ohun tí àtẹ yẹn ń sọ nípa wọn ni a ń tà lójoojúmọ́ ní àwọn ọjà ilẹ̀ Yorùbá, a sì ti fún wọn lórúkọ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìwé kẹ́mísírì wọ ilẹ̀ yìí. Bí a bá mú ọjà kan ṣoṣo ṣe àpẹẹrẹ, tí a sì yẹ àwọn ohun tí ó wà níbẹ̀ wò fínnífínní, ìtumọ̀ átọ́ọ̀mù àti ti àtẹ àwọn ohun-ìpilẹ̀ yóò hàn kedere. A ó sì rí i pé ọ̀ràn náà kì í ṣe ti ìdánwò nìkan. Ó kan ìlera àwọn ọmọ ọwọ́ pẹ̀lú.

Ọjà ọba àti ètò rẹ̀

Ọjà Akẹ̀sán, tí í ṣe ọjà ọba, wà níwájú ààfin Aláàfin ní ìlú Ọ̀yọ́. Orúkọ rẹ̀ dàgbà ju ìlú tí ó wà nínú rẹ̀ lónìí lọ, nítorí Akẹ̀sán ni a ń pe ọjà ọba ní Ọ̀yọ́-Ilé kí ìlú náà tó tú, kí Aláàfin Àtìbà tó tẹ Ọ̀yọ́ ti òde òní dó láàárín ọdún 1830 sí 1840. Bí ìlú ti ń ṣí, bẹ́ẹ̀ ni ọjà ń bá a ṣí, tòun ti orúkọ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá wọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé ètò wà níbẹ̀. Ẹlẹ́lùbọ́ ń bá ẹlẹ́lùbọ́ jókòó, aláṣọ-òkè ń bá aláṣọ-òkè pàtẹ, onígbá fínfín wà ní tiwọn, lẹ́kúlẹ́jà sì wà ní tiwọn. Ẹni tí ó bá ti mọ ìsọ̀ tí a ti ń ta nǹkan, ó ti mọ púpọ̀ nípa nǹkan náà kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ìlò ni ọjà fi ń to ẹrù. Ọ̀dọ̀ lẹ́kúlẹ́jà ni kánún àti imí-ọjọ́ wà, ọ̀dọ̀ ọlọ́ṣẹ ni ọṣẹ dúdú wà, iyọ̀ wà lọ́dọ̀ oníyọ̀, òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ sì wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ohun ọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó so kánún pọ̀ mọ́ ọṣẹ, tàbí ohun tí ó so èédú pọ̀ mọ́ òjé, àfi kí ó wo inú wọn lọ́hùn-ún. Àwọn àgbà ní bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ṣe nìyẹn fún ọdún tí ó lé ní igba.

Ohun-ìpilẹ̀, àsopọ̀ àti àdàlù

Gbogbo ohun tí ń bẹ lọ́jà ni a lè pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ohun-ìpilẹ̀. Ohun-ìpilẹ̀ ni ohun tí a kò lè fi iná, omi, ásíìdì tàbí ọgbọ́n kẹ́mísírì kankan tú sí ohun mìíràn tí ó kéré jù ú lọ. Bàbà jẹ́ ohun-ìpilẹ̀. Bí a yọ́ ọ, bí a lù ú, bí a rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, bàbà náà ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni irin, òjé, fàdákà, wúrà àti imí-ọjọ́. Ohun mẹ́fà yìí ni àwọn baba wa mọ̀ dájú tí wọ́n sì fún lórúkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pè wọ́n ní ohun-ìpilẹ̀.

Èkejì ni àsopọ̀. Nínú àsopọ̀, ohun-ìpilẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wọ inú ara wọn, wọ́n sì ti di ohun tuntun tí kò jọ èyíkéyìí nínú wọn. Iyọ̀ ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù. Ohun-ìpilẹ̀ méjì ni ó wà nínú rẹ̀: sódíọ̀mù àti kílórínì. Sódíọ̀mù jẹ́ irin rírọ̀ tí ọ̀bẹ lè gé, tí ó sì máa ń gbiná bí ó bá kan omi. Kílórínì jẹ́ afẹ́fẹ́ olóró tí ó ní àwọ̀ ewé òun ìyeyè. Òun ni àwọn ọmọ-ogun Jámánì tú sójú ogun ní Ypres ní ọdún 1915, tí ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí àwọn ohun búburú méjì yìí so pọ̀, wọ́n di iyọ̀ tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ.

Ẹ̀kẹta ni àdàlù, níbi tí a ti da nǹkan pọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n so. Idẹ jẹ́ àdàlù bàbà àti síǹkì. Alágbẹ̀dẹ lè fi síǹkì púpọ̀ sí i, ó sì lè fi díẹ̀ sí i; idẹ ni a ó ṣì máa pè é. Níhìn-ín ni orúkọ ọjà ti lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Àwọn orí tí a wú jáde ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938 ni gbogbo ayé ń pè ní orí idẹ, òótọ́ sì ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àdàlù bàbà, síǹkì àti òjé. Ṣùgbọ́n ìbòjú olókìkí tí a mọ̀ mọ Ọbalùfọ̀n, tí òun náà jẹ́ ti Ifẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Àfi kí a mọ irú átọ́ọ̀mù tí ó wà níbẹ̀.

Átọ́ọ̀mù: ẹ̀yọ tí kì í ṣègbé

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, tí Democritus jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ti sọ pé bí a bá ń gé nǹkan sí méjì, tí a tún ń gé e sí méjì, a ó dé ibi ẹ̀yọ kan tí kò ṣeé gé mọ́. Èrò lásán ni èyí nígbà náà. Kò sí ẹ̀rí. Ní ọdún 1789, Antoine Lavoisier ti ilẹ̀ Faransé tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó to àwọn ohun-ìpilẹ̀ 33 tí ó gbà pé ó wà. Ó sì fi òṣùwọ̀n hàn pé bí a bá sun nǹkan nínú ìgò tí a dé pa, ìwọ̀n ohun tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú iná àti ìwọ̀n ohun tí ó wà níbẹ̀ lẹ́yìn iná dọ́gba.

Ẹni tí ó wá so èrò mọ́ òṣùwọ̀n ni John Dalton, ọmọ ahunṣọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé láti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọdékùnrin. Nínú ìwé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ jáde ní ọdún 1808, Dalton wí pé átọ́ọ̀mù ni a fi dá gbogbo nǹkan. Pé àwọn átọ́ọ̀mù ohun-ìpilẹ̀ kan náà jọ ara wọn, ìwọ̀n wọn sì yàtọ̀ sí ti ohun-ìpilẹ̀ mìíràn. Pé ní iye gbáko ni wọ́n ń so pọ̀, ọ̀kan mọ́ ọ̀kan tàbí ọ̀kan mọ́ méjì, kì í ṣe ní ààbọ̀. Àti pé nínú gbogbo ìyípadà kẹ́mísírì, ńṣe ni átọ́ọ̀mù kàn ń pààrọ̀ ibùjókòó. A kò dá wọn, a kò sì pa wọ́n run.

Ohun kan tí èyí mú kí ó ṣeé ṣe ni ìṣirò. Bí a bá gbé ìwọ̀n átọ́ọ̀mù sódíọ̀mù ka 23, tí a sì gbé ti kílórínì ka 35.5, tí wọ́n sì so ní ọ̀kan mọ́ ọ̀kan, àròpọ̀ wọn jẹ́ 58.5. Ìpín sódíọ̀mù nínú rẹ̀ yóò jẹ́ bí ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún, ti kílórínì yóò sì jẹ́ ìdá 61. Bí iyọ̀ náà ti etí òkun wá, tàbí láti inú ilẹ̀ ní òkèèrè, bí ó bá ti jẹ́ iyọ̀ pọ́ńbélé, iye yìí kò ní yẹ̀. Bí àsopọ̀ ṣe yàtọ̀ sí àdàlù nìyí. Ìṣirò kan náà yìí yóò tún wúlò níwájú.

Átọ́ọ̀mù kéré kọjá ohun tí ojú lè rí. Bí a bá to mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún nínú wọn ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, wọn kò ní ju nǹkan bí ìbú èékánná ọmọdé lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn hàn sí gbogbo ènìyàn. Àwọn tí ń yọ́ irin ní agbègbè Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́ ń darí átọ́ọ̀mù láìmọ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1904, C. V. Bellamy tẹ àpèjúwe jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa ilé ìyọ́rin kan tí ó rí ní abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́, tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí Ola-Igbi. Òkúta tí a fi ń yọ irin kì í ṣe irin. Àsopọ̀ irin àti ọ́síjìn ni. Nínú iléru, èédú tí ń jó a máa gba ọ́síjìn lọ́wọ́ irin, a sì bá a gba ojú afẹ́fẹ́ lọ, irin nìkan ni yóò sì ṣẹ́kù. Bí a bá fi irin náà sílẹ̀ nínú òjò, yóò tún gba ọ́síjìn padà, yóò dógùn-ún. Átọ́ọ̀mù irin kan náà ni ó wà nínú òkúta, nínú ọkọ́ àti nínú ìpẹtà.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, iná jó Ọjà Akẹ̀sán. Àdánù náà kò kéré fún àwọn tí ọjà wọn bá a lọ, kò sì sí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí ó lè sọ ọ́ di kékeré. Síbẹ̀, bí a bá fi ojú Lavoisier wò ó, átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo kò ṣègbé nínú iná yẹn. Kábọ̀n tí ó wà nínú aṣọ, nínú èlùbọ́ àti nínú pákó gba ojú afẹ́fẹ́ lọ, láti ibi tí ewé àgbàdo àti ewé iṣu ti lè tún fà á wọ inú ara wọn. Ohun tí ó ṣègbé ni ètò: bí ọwọ́ ènìyàn ti to òwú di aṣọ, tí ó sì to pákó di ìsọ̀. Ètò ni ọlọ́jà ń tà, ètò ni iná sì jẹ run. Ẹni tí ó bá lóye ọ̀rọ̀ yìí ti lóye Dalton.

Inú átọ́ọ̀mù

Dalton rò pé átọ́ọ̀mù kò ní inú. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé ó ní. Ní ọdún 1897, J. J. Thomson rí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ẹ̀yọ fífúyẹ́ kan tí ó wà nínú átọ́ọ̀mù gbogbo. Ní ọdún 1911, Ernest Rutherford fi hàn pé ìwọ̀n átọ́ọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ kó jọ tán sínú kókó kékeré kan ní àárín. Bí a bá fẹ átọ́ọ̀mù kan títí tí ó fi tó gbogbo Ọjà Akẹ̀sán, kókó rẹ̀ kò ní tóbi ju hóró àgbàdo kan lọ. Ààyè tí ó kù jẹ́ ti àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Nínú kókó yìí ni pírótọ́ọ̀nù wà, àti níúrọ́ọ̀nù tí James Chadwick rí ní ọdún 1932.

Ní ọdún 1913, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Henry Moseley wá fi hàn pé iye pírótọ́ọ̀nù ni ó ń sọ irú ohun tí átọ́ọ̀mù jẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ogun pa á ní Gallipoli, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 27, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò kú. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni a fi mọ̀ pé háídírójìn ní 1, kábọ̀n ní 6, ọ́síjìn ní 8, sódíọ̀mù ní 11, irin ní 26, bàbà ní 29, fàdákà ní 47, wúrà ní 79, òjé sì ní 82. Orúkọ lè yí padà láti èdè dé èdè. Iye yìí kì í yí. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lead, tí Yorùbá ń pè ní òjé, 82 ni níbi gbogbo.

Àwọn átọ́ọ̀mù kan wà tí kókó wọn máa ń tú fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Henri Becquerel ti ṣe kíyè sí i ní ọdún 1896. Ṣùgbọ́n iná àdògán, ìléru alágbẹ̀dẹ, ọlọ àti odó kò lè dé ibi kókó. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọjà àti ti ilé ìdáná, átọ́ọ̀mù kì í kú.

Àtẹ Mendeleev

Ní ọdún 1869, olùkọ́ kan ní Yunifásítì St. Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Dmitri Mendeleev, ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ohun-ìpilẹ̀ 63 ni a mọ̀ nígbà náà, wọ́n sì wà káàkiri láìsí ètò. Mendeleev to wọ́n gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n wọn, láti orí èyí tí ó fúyẹ́ dé orí èyí tí ó wúwo. Ó rí i pé lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, ìwà kan náà a máa padà wá, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ọjà ti í padà wá lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Nígbàkígbà tí ìwà bá padà, ó bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun, tí àwọn oníwà kan náà fi wà lábẹ́ ara wọn ní òòró. Bí àtẹ náà ṣe wáyé nìyẹn: ìbú rẹ̀ ń fi iye hàn, òòró rẹ̀ ń fi ẹbí hàn.

Ohun tí ó mú kí Mendeleev ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ni pé ó fi ìsọ̀ kan sílẹ̀ ní òfìfo. Níbi tí ètò bá ti bèèrè fún ohun-ìpilẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí, kò fi ẹlòmíràn dí àyè náà. Ńṣe ni ó gbà pé ẹni tí ó ni ìsọ̀ náà ṣì wà lójú ọ̀nà. Ó tilẹ̀ ṣe àpèjúwe àwọn onísọ̀ náà kí wọ́n tó dé. Ó ní ọ̀kan yóò wà lábẹ́ sílíkọ́nì, ìwọ̀n átọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò sì jẹ́ nǹkan bí 72. Ní ọdún 1886, Clemens Winkler rí i ní ilẹ̀ Jámánì, ó sọ ọ́ ní jẹ̀máníọ̀mù. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 72.6. Òmíràn, gálíọ̀mù, ni Lecoq de Boisbaudran ti kọ́kọ́ rí ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1875. Ó wọn bí ó ti wúwo sí ju omi lọ, ó sì ní ìlọ́po 4.7 ni. Mendeleev, tí kò fojú kan ohun náà rí, kọ̀wé pé yóò jẹ́ nǹkan bí 5.9, pé kí a fọ̀ ọ́ mọ́ kí a sì tún un wọ̀n. A tún un wọ̀n, ó sì jẹ́ 5.9. Ẹni tí ó mọ ètò mọ ohun náà ju ẹni tí ó dì í mọ́wọ́ lọ.

Lónìí, 118 ni ohun-ìpilẹ̀ tí ó wà lórí àtẹ, ọdún 2016 ni a sì sọ mẹ́rin tí ó kẹ́yìn lórúkọ. Iye pírótọ́ọ̀nù tí Moseley ṣàwárí ni a fi ń tò wọ́n báyìí, kì í ṣe ìwọ̀n mọ́. Èyí sì mú àwọn ibi díẹ̀ tí ó rú Mendeleev lójú tọ́.

Ẹbí inú òòró

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí òòró túmọ̀ sí, ìsọ̀ lẹ́kúlẹ́jà àti ìsọ̀ ọlọ́ṣẹ ni kí a lọ. Kánún tí a ń kó wá láti agbègbè adágún Chad jẹ́ àsopọ̀ tí sódíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀. Eérú tí àwọn obìnrin tí ń se ọṣẹ dúdú ń sẹ́ omi rẹ̀ kún fún àsopọ̀ pòtásíọ̀mù. Àwọn méjèèjì ń yọ̀ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì lè sọ òróró di ọṣẹ. Ìwà wọn jọra tó bẹ́ẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní ilẹ̀ yìí fi ń pe kánún ní potash, orúkọ tí ó tọ́ sí eérú inú ìkòkò. Ní ọdún 1807, Humphry Davy fi agbára mọ̀nàmọ́ná tú irú ohun méjì bẹ́ẹ̀, ó sì rí i pé ohun-ìpilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà nínú wọn. Orí àtẹ fi ìdí ọ̀ràn hàn: sódíọ̀mù, 11, wà lókè, pòtásíọ̀mù, 19, wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ní ìta pátápátá, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta sì ni átọ́ọ̀mù fi ń bá ẹlòmíràn dòwò pọ̀. Wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìbejì: ọṣẹ tí a fi sódíọ̀mù ṣe máa ń le, ó ṣeé gé ní òdìdì; ọṣẹ tí a fi pòtásíọ̀mù ṣe máa ń rọ̀. Ìdí nìyí tí ọṣẹ dúdú fi rọ̀.

Òòró mìíràn wà ní ìsọ̀ àwọn tí ń ta ohun ọ̀ṣọ́. Bàbà, fàdákà àti wúrà wà lábẹ́ ara wọn lórí àtẹ. Alágbẹ̀dẹ tí ń fi wọ́n rọ òrùka ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣeé lù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, pé wọ́n ń dán, pé wọn kì í tètè bàjẹ́. Àtẹ Mendeleev kò ṣe ju pé ó fi ìdí ohun tí alágbẹ̀dẹ ti mọ̀ múlẹ̀.

Òjé inú tìróò

Òòró kan ṣì kù tí ó yẹ kí a tẹjú mọ́ dáadáa. Kábọ̀n, tí í ṣe ìpilẹ̀ èédú, ni ó wà lókè rẹ̀. Sílíkọ́nì, tí ó wà nínú iyanrìn, tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni jẹ̀máníọ̀mù, tí ó bọ́ sí ìsọ̀ òfìfo. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tíìnì tí a ń wà ní agbègbè Jos. Òjé ni ó wà ní ìsàlẹ̀ wọn. Kábọ̀n ni a fi mọ ara ènìyàn. Òjé a máa ba ara ènìyàn jẹ́. Ẹbí kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú òòró ni ìwà ń yí díẹ̀díẹ̀, títí ohun tí kì í ṣe irin fi di irin wíwúwo.

Òjé kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Àwọn olórìṣà Ọbàtálá a máa fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ó farapamọ́ sí jù ni inú tìróò, ìyẹ̀fun dúdú tí ń dán, tí a ń tà lọ́jà, tí a sì ń lé sí ojú obìnrin àti ọmọ ọwọ́ fún ẹwà. Tìróò tí a fi òkúta rẹ̀ gidi lọ̀ jẹ́ àsopọ̀ òjé àti imí-ọjọ́, ọ̀kan mọ́ ọ̀kan. Níhìn-ín ni ìṣirò Dalton padà wúlò. Ìwọ̀n átọ́ọ̀mù òjé jẹ́ 207, ti imí-ọjọ́ jẹ́ 32, àròpọ̀ wọn jẹ́ 239. Ìpín òjé yóò jẹ́ nǹkan bí ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 2011, ní Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé òjé ti wọ ara ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Tìróò tí a rà ní Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ ń lé sí i lójú. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń mójú tó àrùn tẹ àbájáde náà jáde ní ọdún 2012: ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún tìróò náà jẹ́ òjé. Ohun tí àwọn tí ó ní ẹ̀rọ olówó iyebíye rí kò jìnnà sí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ girama kan ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè fi pẹ́ńsù àti àtẹ ara ògiri ṣírò.

Àwọn kan yóò ní tìróò tiwọn kò léwu nítorí pé a lọ̀ ọ́ kúnná, tàbí pé a yan án lórí iná, tàbí pé ó ti pẹ́ nínú ilé. Ẹni tí ó lóye átọ́ọ̀mù kò ní gba èyí gbọ́. Lílọ̀ kò lè pa òjé, iná kò lè jó o run, ogbó kò sì lè sọ ọ́ di ohun mìíràn. Bí ó ti wà nínú tìróò ni yóò ti bá ìka ọmọ tí ó fi nu ojú dé ẹnu rẹ̀. Láti inú ẹ̀jẹ̀ ni yóò ti wọ inú eegun, níbi tí yóò ti jókòó sí àyè kálíṣíọ̀mù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọpọlọ ọmọdé ni ó ń bàjẹ́ jù, àwọn onímọ̀ ìlera àgbáyé sì ti sọ pé kò sí iye òjé kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn tí ń wa wúrà ń fọ́ òkúta tí òjé wà nínú rẹ̀ ní agbo-ilé wọn. Eruku rẹ̀ pa àwọn ọmọdé tí iye wọn ju 400 lọ. Wúrà, 79, ni wọ́n ń wá. Òjé, 82, ni ó wọlé tọ àwọn ọmọ wọn.

Iṣẹ́ tí ó wà níwájú olùkọ́

Láti inú ohun tí a ti sọ, ó hàn pé àtẹ àwọn ohun-ìpilẹ̀ kì í ṣe orin tí a ń há sórí. Ó jẹ́ ìwé ìdánimọ̀ fún gbogbo ohun tí a ń jẹ, tí a ń wọ̀, tí a sì ń lé sójú. Ó sì hàn pé èdè Yorùbá lè gbé ẹ̀kọ́ náà. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ti fi hàn pé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a fi Yorùbá kọ́ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kì í rẹ̀yìn. Kò pọn dandan kí a wá orúkọ Yorùbá fún gbogbo 118. Ohun tí ó pọn dandan ni kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀: kí ó mú èédú, iyọ̀, kánún, eérú, wáyà bàbà àti ìṣó irin wá sí kíláàsì, kí ó sì bi àwọn ọmọ léèrè ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí àtẹ, àti ìdí tí ó fi wà níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ́ báyìí yóò padà sílé pẹ̀lú ìbéèrè lẹ́nu. Nígbà tí ó bá rí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá àgbà rẹ̀ tí ó gbé ọmọ tuntun sí ẹsẹ̀, tí ó sì ń ṣí ìgò tìróò, yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó fi ọ̀wọ̀ sọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí ó bá mọ àtẹ àwọn ohun-ìpilẹ̀ ti di àgbà nínú ọjà, bí ọjọ́ orí rẹ̀ tilẹ̀ kéré.